Ẹ̀kọ́ Kejìlá: Nígbà tí Àgbà Bá Bẹ̀rẹ̀ sí í Ṣarán

Lónìí a ó kà nípa àwọn àgbà ilé wa. Kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn. Ẹni tí kò ní àgbà nílé lónìí, òun náà yóò di àgbà lọ́la bí Ọlọ́run bá fẹ́. Ẹ ka ẹ̀kọ́ náà díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá dé ibi tí ó le, ẹ padà sẹ́yìn, kí ẹ tún un kà.

1. Ìyá Àgbà ẹlẹ́kọ

Èmi tí mo kọ ẹ̀kọ́ yìí, ìyá tí ó bí bàbá mi ni ó tọ́ mi dàgbà ní abúlé kan lẹ́bàá Kétu. Ẹ̀kọ ni ó ń tà. Ó tà á fún ohun tí ó ju 40 ọdún lọ. Kò kàwé rí. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn 10 bá ra ẹ̀kọ láwìn lọ́wọ́ rẹ̀, orí ni ó fi ń mọ gbèsè olúkúlùkù. Kì í ṣì í.

Nígbà tí ó tó bí ẹni 70 ọdún, ìṣirò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú. Bí ènìyàn bá ra ẹ̀kọ 100 fáráǹkì, tí ó fún un ní 500, nígbà mìíràn 50 ni yóò fún un padà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, 500 náà ni yóò dá padà. Àwọn oníbàárà ń rẹ́rìn-ín. Àwa nílé ń sọ pé, "Ogbó ni."

Lẹ́yìn ọdún kan, ó gbé ìkòkò ka iná, ó sì gbàgbé rẹ̀. Díẹ̀ ni ó kù kí ilé jó. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú láti 15 ọdún. Yóò jí lóru, yóò di ẹrù rẹ̀, yóò ní òun ń lọ sí ilé. Bẹ́ẹ̀ ni, inú ilé rẹ̀ ni ó wà.

Ní òru ọjọ́ kan wọ́n rí i ní ìdí igi ìrókò lẹ́yìn abúlé, ó ń dá sọ̀rọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ọmọ kékeré kan kú ní agboolé tí ó tẹ̀ lé tiwa. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí àwọn ènìyàn sọ. Wọ́n ní àjẹ́ ni.

Àwọn ọkùnrin mẹ́ta wá bi í pé, "Ìyá, ṣé ẹ̀yin ni ẹ pa ọmọ yìí?" Ó wò wọ́n, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi." Wọ́n ní ó ti jẹ́wọ́. Kò sí ẹni tí ó rántí pé ní àkókò náà, bí ènìyàn bá bi í bóyá òun ni Alákétu, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi" ni yóò sọ. Kò mọ ohun tí wọ́n ń bi í mọ́. Ó kàn ń dá àwọn ọmọ lóhùn pẹ̀lú sùúrù, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Wọ́n fẹ́ lé e kúrò ní ìlú. Bàbá mi dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò ra ẹ̀kọ ní ilé wa mọ́. Wọn kò jẹ́ kí ọmọ wọn yà sọ́dọ̀ wa. Ọdún méjì ni ó lò bẹ́ẹ̀ kí ó tó kú. Mo ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà náà. Mo mọ ìwé, ṣùgbọ́n n kò mọ ohun tí ó ń ṣe ìyá mi. Mo dákẹ́. Nítorí ìdákẹ́ náà ni mo ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí.

2. Kí ni ṣíṣarán?

Àwọn baba wa ti mọ nǹkan yìí tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ fún un. Wọ́n ń sọ pé àgbà náà "ń ṣarán". Lónìí, àwọn oníṣègùn mọ̀ pé àrùn ni, ọpọlọ ni ó sì ń bà jẹ́. A ó máa pè é ní àrùn ìgbàgbé nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹ má jẹ́ kí ẹ̀rù bà yín lásán. Kì í ṣe gbogbo ìgbàgbé ni àrùn. Gbogbo àgbà ni ó máa ń gbàgbé nǹkan. Ẹ wo ìyàtọ̀ náà:

Àgbà tí ara rẹ̀ le lè gbàgbé ibi tí ó fi kọ́kọ́rọ́ sí, yóò sì rántí nígbà tí ó bá yá. Ẹni tí ó ní àrùn ìgbàgbé lè mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, kí ó má sì mọ ohun tí a ń fi í ṣe.

Àgbà tí ara rẹ̀ le lè gbàgbé orúkọ ọmọ aládùúgbò. Ẹni tí ó ní àrùn náà lè gbàgbé ọmọ tí ó bí.

Àgbà tí ara rẹ̀ le lè ṣi ọ̀nà ní ìlú tí kò dé rí. Ẹni tí ó ní àrùn náà lè ṣi ọ̀nà láti ọjà tí ó ti ń ná láti kékeré sí ilé rẹ̀.

Àwọn àmì mìíràn nìyí: ó ń bèèrè ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ó ń ṣì owó kà, ó ń fi ẹ̀sùn olè kan àwọn ará ilé nítorí ó ti gbàgbé ibi tí ó fi nǹkan sí, ìwà rẹ̀ yí padà, ọ̀rọ̀ ń sọnù lẹ́nu rẹ̀, kò lè ṣe iṣẹ́ tí ó ti mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Àrùn náà kì í dé lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń wọlé, ó sì ń le sí i láti ọdún dé ọdún.

Ṣùgbọ́n bí orí àgbà bá ṣàdédé dàrú láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá. Ó lè jẹ́ ibà, ó lè jẹ́ àìtó omi nínú ara, ó lè jẹ́ òògùn tí kò bá a lára mu. Èyí ṣe é wò.

3. Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọpọlọ

Ọpọlọ ni ó ń ṣe ìjọba gbogbo ara. Nǹkan wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò lè rí ni ó para pọ̀ di ọpọlọ. Wọ́n ń ránṣẹ́ sí ara wọn bí ìgbà tí ènìyàn ń ránṣẹ́ láti agboolé dé agboolé. Bí wọ́n bá ń kú, iṣẹ́ kò jẹ́ mọ́. Ohun méjì ni ó sábà máa ń pa wọ́n.

Ti èkíní: ní 1906, dókítà kan ní ilẹ̀ Jámánì, orúkọ rẹ̀ ni Alois Alzheimer, ṣàlàyé àìsàn obìnrin kan tí kò tíì darúgbó. Obìnrin náà ti gbàgbé ohun gbogbo kí ó tó kú ní ẹni 55 ọdún. Dókítà náà yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò. Ó rí ìdọ̀tí tí ó ṣù jọ nínú rẹ̀, ó sì rí ohun tí ó dà bí òwú tí ó lọ́ mọ́ra. Wọ́n fi orúkọ dókítà náà pe àrùn yìí. Àrùn Alzheimer ni ó wọ́pọ̀ jù nínú gbogbo oríṣi àrùn ìgbàgbé.

Ti èkejì: ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé oúnjẹ lọ sí ọpọlọ, nínú àwọn iṣan. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá ti ń bá iṣan jà fún ọ̀pọ̀ ọdún, iṣan á le, á sì dí. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé nínú ọpọlọ yóò kú, bí ewébẹ̀ tí omi kò dé ìdí rẹ̀. Èyí tí ó bá tóbi ni a ń pè ní àrùn rọpárọsẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kékeré wà tí ẹnikẹ́ni kì í mọ̀. Bí wọ́n bá pọ̀, àgbà náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé.

Ọ̀pọ̀ àgbà ni ó ní méjèèjì pọ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé a kò mẹ́nu kan àjẹ́, a kò mẹ́nu kan èpè. Ìdọ̀tí inú ọpọlọ àti iṣan tí ó dí ni a mẹ́nu kàn.

4. Ìwádìí Ìbàdàn àti Indianapolis

Fún ọjọ́ pípẹ́, àwọn aláwọ̀ funfun ni àwọn oníṣègùn sábà máa ń yẹ̀ wò nítorí àrùn yìí. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé àwa aláwọ̀ dúdú kì í fi bẹ́ẹ̀ ní in. Báwo ni wọn yóò ṣe mọ̀, nígbà tí wọn kò bi wá?

Ìṣòro mìíràn sì wà. Nínú ìdánwò tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n ń sọ fún àgbà pé kí ó kọ gbólóhùn kan sórí ìwé, kí ó ya àwòrán, kí ó yọ 7 kúrò nínú 100, kí ó sì tún máa yọ 7. Ẹ ronú sí i. Bí wọ́n bá ṣe ìdánwò yìí fún ìyá kan tí kò lọ sí ilé ìwé rí, yóò kùnà. Wọn yóò ní ọpọlọ rẹ̀ kò pé. Bẹ́ẹ̀ ni ọpọlọ rẹ̀ pé; ìwé ni kò mọ̀. Àìmọ̀wé kì í ṣe àìlọ́gbọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní kíláàsì yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ní 1992, àwọn oníṣègùn Yunifásítì Ìbàdàn ní Nàìjíríà àti ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà fọwọ́ sowọ́ pọ̀. Lára wọn ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọ̀ṣúntókun, tí ó kú ní 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì, àti Dókítà Hugh Hendrie. Wọ́n mú ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe fún àwọn Cree, ọmọ onílẹ̀ kan ní Kánádà, wọ́n sì tún un ṣe kí ó bá àwọn Yorùbá mu. Ẹni tí kò mọ ìwé lè dáhùn rẹ̀. Wọ́n ń bi àgbà ní ohun tí ó wà ní àyíká rẹ̀. Wọ́n ní kí ó ka orúkọ àwọn ẹranko. Wọ́n ní kí ó nawọ́ sí fèrèsé, lẹ́yìn náà kí ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Wọ́n tún ń bi ará ilé rẹ̀ pé, "Ṣé ó ṣì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá?" Ẹ rí i pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún ohun tí àgbà mọ̀, wọ́n sì gba ẹ̀rí ará ilé.

Ibi méjì ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà. Èkíní ni àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn, láàárín àwọn Yorùbá bí tiwa. Èkejì ni ìlú Indianapolis ní Amẹ́ríkà, láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú láti oríṣiríṣi ilẹ̀ ní Áfíríkà. Ẹni 65 ọdún sókè ni wọ́n yàn. Wọ́n lé ní 2000 ní ìlú kọ̀ọ̀kan. Àwọn oníṣègùn kò bi wọ́n lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n sì máa lọ. Wọ́n padà sọ́dọ̀ wọn lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n tún padà lẹ́yìn ọdún márùn-ún, láti mọ ẹni tí àrùn ìgbàgbé ṣẹ̀ṣẹ̀ mú.

Wọ́n gbé èsì náà jáde ní 2001. Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò kíláàsì wa ṣàlàyé rẹ̀. Bí a bá kó àgbà 2000 jọ ní Ìbàdàn, láàárín ọdún kan, àrùn náà yóò mú 27 nínú wọn. Bí a bá kó àgbà 2000 jọ láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Indianapolis, láàárín ọdún kan, àrùn náà yóò mú bíi 65. Ti Indianapolis ju ìlọ́po méjì ti Ìbàdàn lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé, "Bóyá àwọn ará Ìbàdàn ń fi aláìsàn wọn pamọ́ ni. Bóyá wọ́n tètè ń kú ni." Nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníṣègùn ṣe padà lọ lẹ́ẹ̀mejì láti ilé dé ilé, tí wọ́n sì ka àwọn tí àrùn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, dípò kí wọ́n ka aláìsàn tí wọ́n bá nílé nìkan.

Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wa níhìn-ín náà, wọ́n ti lo ìbéèrè kan náà. Ní Djidja, ní ẹkùn Zou, wọ́n yẹ àgbà 502 wò. Wọ́n gbé èsì jáde ní 2009. Nínú àgbà 100, àwọn tí ó ní àrùn ìgbàgbé kò pé 3. Ní Kútọnu, wọn kò pé 4 nínú 100. Nítorí náà àrùn yìí kò pọ̀ láàárín wa tó bí ó ti pọ̀ ní ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ó wà. Ẹni tí ó sọ pé kò sí, tí ó wá pe aláìsàn ní àjẹ́, kò sọ òtítọ́.

5. Ohun tí ìwádìí náà kọ́ wa

Kí ni ó fa ìyàtọ̀ láàárín ìlú méjèèjì? Áfíríkà ni orísun àwọn méjèèjì. Àwọ̀ ara wọn jọra. Nítorí náà kì í ṣe àwọ̀ ara ni ó ń fa àrùn yìí. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbé ayé.

Àwọn àgbà Ìbàdàn ń jẹ iṣu, ọkà àti ewébẹ̀. Ọ̀rá àti ẹran tí wọ́n ń jẹ kò pọ̀. Wọn kò sanra jù. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wọn kéré. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ kò pọ̀ láàárín wọn tó ti Indianapolis.

Àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ti jìyà púpọ̀. Ìyà náà sì wọ inú ara. Àwọn tí wọ́n ti darúgbó nígbà ìwádìí náà dàgbà ní ìgbà tí wọ́n ń ya ọmọ dúdú sọ́tọ̀ ní ilé ìwé, tí wọn kì í sì í fún wọn ní ìtọ́jú tí ó dára ní ilé ìwòsàn. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ pọ̀ láàárín wọn. Títí di òní, àwọn àgbà dúdú ní Amẹ́ríkà ń ní àrùn ìgbàgbé tó bí ìlọ́po méjì ti àwọn àgbà funfun ibẹ̀.

Ìròyìn rere náà wà. Ní 2002, wọ́n sọ fún wa nípa àwọn àgbà dúdú Indianapolis kan náà. Àwọn tí ó ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru pa ìrántí wọn mọ́ ju àwọn tí kò lò ó lọ. Ewu náà fi bíi 38 nínú 100 dín kù. Ní 2011, wọ́n rí i ní Ìbàdàn pé àgbà tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni àrùn ìgbàgbé ń mú jù.

Ẹ gbọ́ ìkìlọ̀ náà, ẹ̀yin ará. Ààbò tí àwọn àgbà Ìdíkàn ní, ó jọ pé kì í ṣe ohun tí a bí mọ́ wọn nìkan. Ó lè bọ́ lọ́wọ́ wa. Bí àwa ní Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Àjàṣẹ́ bá ń fi ọ̀rá àti iyọ̀ púpọ̀ se oúnjẹ, tí a kì í rìn mọ́, tí a kì í wọn ẹ̀jẹ̀ wa, a ó di bí àwọn ará Indianapolis, láìní ilé ìwòsàn wọn.

6. Ohun tí a lè ṣe láti dáàbò bo orí wa

Ní 2024, àwọn ọ̀mọ̀wé láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ kó ohun 14 jọ tí ó ń fa ewu àrùn yìí, tí a sì lè dènà. Wọ́n ní bí gbogbo ayé bá lè dènà gbogbo wọn, bíi 45 nínú 100 àwọn aláìsàn ni àrùn náà kò ní mú, tàbí kí ó pẹ́ kí ó tó mú wọn. Ẹ jẹ́ kí a ka àwọn tí ó wà ní ìkáwọ́ wa:

Ẹ máa wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Nọ́ńbà méjì ni wọn yóò kọ fún yín. Bí èkíní bá tó 140, tàbí tí èkejì bá tó 90, tí ó sì rí bẹ́ẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dun ni. Ẹ má dúró de orí fífọ́. Bí dókítà bá fún yín ní òògùn, ẹ má fi í sílẹ̀ nítorí ara yá.

Ẹ dín iyọ̀ kù nínú ọbẹ̀. Ẹ jẹ ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà. Ẹ má ṣe mu sìgá. Ẹ má fi sódábì ṣe omi.

Ẹ máa rìn, ẹ máa ṣiṣẹ́ ara, bí ẹ tilẹ̀ ti dàgbà.

Bí ẹ bá gun alùpùpù, ẹ dé akoto. Orí tí ó bá fọ́ ní ọ̀dọ́ lè di ìgbàgbé ní ogbó.

Bí etí àgbà bá ń di, tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn, ẹ mú un lọ fún ìtọ́jú. Ẹni tí kò gbọ́ràn, tí kò sì ríran dáadáa, ọpọlọ rẹ̀ ń dá wà.

Ẹ má fi àgbà sílẹ̀ lóun nìkan. Ẹ jẹ́ kí ó bá ènìyàn sọ̀rọ̀, kí ó ta ayò, kí ó pa àlọ́ fún ọmọ.

Ẹ rán ọmọ yín lọ sí ilé ìwé, ọkùnrin àti obìnrin. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ ní kékeré ń fún ọpọlọ lágbára títí dé ọjọ́ ogbó. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń kọ́ ọ nísinsìnyí, ẹ má sọ pé ó ti pẹ́ jù. Ọpọlọ tí ó ń ṣiṣẹ́ kì í tètè dógùn-ún.

7. Bí àrùn náà bá ti wọlé

Títí di òní, kò sí òògùn tí ó ń wo àrùn yìí sàn pátápátá. Ẹni tí ó bá sọ fún yín pé òun ní in, owó yín ni ó ń wá. Ṣùgbọ́n ìtọ́jú wà. Ẹ kọ́kọ́ mú àgbà náà lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí nígbà mìíràn ìbànújẹ́ ọkàn tàbí àìsàn mìíràn tí ó ṣe é wò ni ó ń mú un gbàgbé.

Nílé, ẹ má bá a jiyàn. Bí ó bá bèèrè ọkọ tí ó ti kú, ẹ má pariwo mọ́ ọn pé, "Ó ti kú!" Lójú rẹ̀, ọjọ́ náà ni ọkọ rẹ̀ kú. Ẹ sọ pé, "Ìyá, ẹ sọ ìtàn Bàbá fún wa." Yóò sọ ọ́, ọkàn rẹ̀ yóò sì balẹ̀.

Ẹ sọ ohun kan lẹ́ẹ̀kan, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Ẹ má yí ibùsùn rẹ̀ padà. Ẹ mú iná, ọ̀bẹ àti oògùn kòkòrò kúrò ní àrọ́wọ́tó rẹ̀. Ẹ má dè é mọ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ tí ó ṣì lè ṣe, bí ẹ̀wà ṣíṣà tàbí ilẹ̀ gbígbá.

Ẹ má di ẹrù náà lé ìyàwó ilé kan ṣoṣo lórí. Kí àwọn ọmọ ọkùnrin náà gba tiwọn. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òwe náà kò sọ pé ọmọ obìnrin nìkan.

Bí wọ́n bá pe àgbà kan ní àjẹ́ ní àdúgbò yín, ẹ má ṣe bí mo ti ṣe. Ẹ má dákẹ́. Ẹ bi wọ́n pé, "Láti ìgbà wo ni ó ti ń ṣi owó kà? Láti ìgbà wo ni ó ti ń ṣi ọ̀nà?" Ẹ sọ fún wọn pé ìjẹ́wọ́ ẹni tí kò mọ ohun tí a bi í kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Àwọn àgbà ní, ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Ohun kan kù tí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe lónìí, tí ẹ kò lè ṣe ní ọdún tí ó kọjá. Ẹ mú aṣọ kékeré kan. Ẹ fi kálámù tí omi kò lè fọ̀ kọ orúkọ ìyá yín sí i, orúkọ agboolé, orúkọ àdúgbò, àti nọ́ńbà fóònù. Ẹ rán an mọ́ inú bùbá rẹ̀. Ní òru tí ó bá ṣìnà, ẹni tí ó bá rí i yóò kà á, yóò sì mú un wá sílé. Bí ìyá mi àgbà bá ní irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lára ní òru ìdí ìrókò náà, bóyá ọ̀rọ̀ rẹ̀ ìbá yàtọ̀. Kò sí ẹnìkan nílé wa tí ó rò ó. Ẹ̀yin ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n kọ

ọpọlọ: ohun tí ó wà nínú orí tí a fi ń ronú, tí a sì fi ń rántí
iṣan: ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú ara
ẹ̀jẹ̀ ríru: kí ẹ̀jẹ̀ máa fi agbára jù ti iṣan
ìwádìí: bíbéèrè àti yíyẹ nǹkan wò láti mọ òtítọ́
rọpárọsẹ̀: àrùn tí ó ń dé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé apá kan ọpọlọ

Ẹ dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìgbàgbé lásán àti àrùn ìgbàgbé? Ẹ mú àpẹẹrẹ méjì wá.
2. Kí ni ó dé tí ìdánwò kíkọ gbólóhùn kò fi tọ́ fún ìyá tí kò lọ sí ilé ìwé?
3. Nínú àgbà 2000, àrùn náà mú 27 ní Ìbàdàn láàárín ọdún kan, ó sì mú 65 ní Indianapolis. Àwọn tí ó mú ní Indianapolis fi mélòó ju ti Ìbàdàn lọ?
4. Kí ni nọ́ńbà méjì tí ó ń fi ẹ̀jẹ̀ ríru hàn?
5. Kí ni ó dé tí ìyá ẹlẹ́kọ fi sọ pé "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi"?

Fún ìjíròrò ní kíláàsì

Ṣé àgbà kan wà ní àdúgbò yín tí àwọn ènìyàn ń sá fún? Ta ni ó ń fún un lóúnjẹ? Ẹ má dárúkọ rẹ̀ ní kíláàsì. Ẹ sọ ohun tí ẹ ó ṣe.

Iṣẹ́ ilé

Ẹ kọ orúkọ, agboolé àti nọ́ńbà fóònù àgbà ilé yín sórí aṣọ kékeré. Ẹ mú un wá sí kíláàsì, kí a jọ kà á bóyá ó tọ́, kí ẹ tó rán an.